Kòkòrò Tí Kò Gbóògùn Mọ́, àti Ibà Alárùn Jẹjẹrẹ

Nígbà tí a bá gbọ́ pé ẹnì kan tí ó ní àrùn jẹjẹrẹ ti kú, ohun tí gbogbo wa máa ń sọ ni pé jẹjẹrẹ ni ó pa á. A kì í bèèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n àwọn oníṣègùn tí ń tọ́jú irú àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ẹni tí jẹjẹrẹ mú ni jẹjẹrẹ ń pa. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni oògùn ti ń ṣiṣẹ́ lára wọn, tí kókó ọrùn tàbí ti ọmú ti ń súnkì, tí àwọn ẹbí ti ń dúpẹ́, kí ibà tó dé ní òru ọjọ́ kan. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, ọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ. Ohun tí ó pa irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni kòkòrò tí ó wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Èyí tí ó sì burú jù ní ayé òde òní ni pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn oògùn tí à ń lò láti fi pa irú kòkòrò bẹ́ẹ̀ kò rí wọn gbé ṣe mọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí ni a fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé wa sọ lónìí, nítorí pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn dókítà nìkan. Ó kan ìyá tí ń ra kápúsù méjì ní ìsọ̀ olóògùn, ó kan àgbẹ̀ tí ń sin adìyẹ, ó sì kan Ìjọba.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ ṣe àlàyé bí ilé ṣe ń ṣí sílẹ̀ fún olè. Inú ẹ̀jẹ̀ olúkúlùkù wa ni àwọn ọmọ-ogun kan wà tí ń ṣọ́ ara. Inú mùdùnmúdùn eegun ni ara ti ń ṣe wọ́n, tọ̀sán-tòru, nítorí pé ẹ̀mí wọn kò gùn; láàrin ọjọ́ díẹ̀ ni wọ́n ń kú tí àwọn mìíràn sì ń rọ́pò wọn. Èyí tí ó jẹ́ aṣíwájú ogun nínú wọn ni àwọn dókítà ń pè ní neutrophil. Nínú ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ tí kò ju orí pínnì lọ, ẹni tí ara rẹ̀ le a máa ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn. Ṣùgbọ́n oògùn tí a fi ń pa jẹjẹrẹ kò mọ ọ̀tá yàtọ̀ sí ọ̀rẹ́. Ohunkóhun tí ó bá ń yára pọ̀ sí i nínú ara ni ó ń lù. Jẹjẹrẹ ń yára pọ̀. Mùdùnmúdùn eegun náà ń yára ṣiṣẹ́. Awọ inú ẹnu àti ti inú ìfun náà ń yára pààrọ̀ ara wọn. Nítorí náà, láàrin ọjọ́ 7 sí 14 lẹ́yìn tí aláìsàn bá ti gba oògùn, àwọn ọmọ-ogun yìí lè dín títí wọn kò fi ní tó 500, nígbà mìíràn wọn kì í tó 100 pàápàá. Ẹnu aláìsàn a bó, ìfun rẹ̀ a sì dá ọgbẹ́ wẹ́wẹ́ tí ojú kò lè rí.

Àwọn baba wa sọ pé bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ògiri ti lanu nìyẹn. Aláǹgbá tí yóò sì wọlé kì í sábà ti òkèèrè wá. Àwọn kòkòrò bí Escherichia coli àti Klebsiella, inú ìfun ènìyàn ni wọ́n ń gbé, ọ̀pọ̀ wọn kì í sì í ṣe ẹnikẹ́ni ní ibi níwọ̀n ìgbà tí wọ́n bá jókòó sí àyè wọn. Kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ni ó wà. Staphylococcus ní tirẹ̀, ara awọ wa ni ó ń gbé. Ojú abẹ́rẹ́ àti ẹnu rọ́bà tí a fi ń fa oògùn sínú iṣan ni ó ń gbà wọlé. Pseudomonas fẹ́ràn ibi tí omi bá wà, ìbáà jẹ́ ẹnu ẹ̀rọ omi tàbí bésìnì ìfọwọ́ tí ó wà nínú yàrá aláìsàn gan-an.

Kì í ṣe òní ni a ti mọ èyí. Ní ọdún 1966, dókítà kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Gerald Bodey, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé ìwádìí jẹjẹrẹ ti Ìjọba Amẹ́ríkà, tẹ ìwádìí kan jáde nípa àwọn tí ó ní jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀. Wọ́n ka àwọn ọmọ-ogun inú ẹ̀jẹ̀ wọn, wọ́n sì fi hàn pé bí iye náà ti ń lọ sílẹ̀ ni àìsàn ń pọ̀ sí i, àti pé bí ó bá ti pẹ́ tó ní ìsàlẹ̀ náà ni ewu ti pọ̀ tó. Ní àkókò náà, àwọn dókítà a máa dúró de èsì yàrá àyẹ̀wò kí wọ́n tó mọ oògùn tí wọn yóò lò. Kí èsì tó dé, ọ̀pọ̀ aláìsàn ti lọ. Ní ọdún 1971 ni Stephen Schimpff àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìlú Baltimore kéde pé àwọn kò dúró mọ́. Bí ibà bá ti dé, wọ́n a fi oògùn méjì, carbenicillin àti gentamicin, sínú iṣan aláìsàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, èsì ìbáà dé, ìbáà má dé. Ẹ̀mí tí èyí ti gbà là láti ìgbà náà kò kéré. Orí rẹ̀ ni ìlànà ti òde òní dúró lé: bí ẹni tí ó ń gba oògùn jẹjẹrẹ bá gbóná dé 38.3 lórí òṣùwọ̀n ooru ara, ìbáà ṣe ẹ̀ẹ̀kan péré, tàbí tí ó bá wà ní 38 fún wákàtí kan, kí a gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fún àyẹ̀wò, kí oògùn àkọ́kọ́ sì ti wọ inú iṣan rẹ̀ láàrin wákàtí kan tí ó bá dé ilé ìwòsàn.

Wákàtí kan! Ẹ̀yin tí ẹ ti gbé aláìsàn dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn wa ní òru mọ ohun tí wákàtí kan jẹ́. Kí a tó rí ẹni ṣí géètì, kí a tó ra káàdì, kí a tó wá ẹni tí ó ní kọ́kọ́rọ́ yàrá oògùn, ilẹ̀ a ti fẹ́ẹ̀ mọ́.

Ṣùgbọ́n kí á tó dé géètì ilé ìwòsàn ni èdè wa fúnra rẹ̀ ti máa ń ṣì wá lọ́nà. Ní èdè Yorùbá, ibà ni ara gbígbóná, ibà náà sì ni àrùn tí ẹ̀fọn ń gbé fún wa. Ọ̀rọ̀ kan ni fún méjèèjì. Bí ara ẹnì kan bá ti gbóná, kíá, a ti mọ ẹni tí ó jẹ̀bi: ẹ̀fọn ni. A ó se àgbo ewé dóńgóyárò, a ó ra oògùn ibà, a ó fún aláìsàn ní parasítámọ̀, ara rẹ̀ a sì tutù díẹ̀, a ó ní ó ti ń yá. Lára ẹni tí ọmọ-ogun rẹ̀ pé, àdánù irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ lè má pọ̀. Lára ẹni tí ó gba oògùn jẹjẹrẹ ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, ọjọ́ kan tí a fi ń se àgbo ni ọjọ́ tí kòkòrò fi gba ìlú. Parasítámọ̀ náà kò pa kòkòrò kankan. Ó kàn bo iná mọ́lẹ̀ ni, tí dókítà kò fi ní rí èéfín. Kí a yẹ ẹ̀jẹ̀ wò fún ti ẹ̀fọn, èyí dára, nítorí pé ẹni tí ó ní jẹjẹrẹ kò bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀fọn. Ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn ni kí a ti yẹ ẹ́ wò, lẹ́yìn tí oògùn ti wọ iṣan. A sì tún gbọ́dọ̀ fi èyí kún un: kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi oògùn tàbí ohun mìíràn sí ojú ìdí irú aláìsàn bẹ́ẹ̀, bí ó ti wù kí ó jẹ́ àṣà ilé tó, nítorí ọgbẹ́ wẹ́wẹ́ tí a sọ níṣàájú.

Bóyá ẹnì kan yóò rò pé àsọdùn ni ọ̀rọ̀ wákàtí yìí. Ní ọdún 2006, Anand Kumar àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde nípa àwọn aláìsàn 2,731 ní Kánádà àti Amẹ́ríkà, àwọn tí ipá ẹ̀jẹ̀ wọn ti wálẹ̀ nítorí kòkòrò. Wọ́n rí i pé láàrin wákàtí 6 àkọ́kọ́, gbogbo wákàtí kan tí oògùn tí ó tọ́ bá fi pẹ́, ìrètí ìyè a máa dín ní ìwọ̀n bí 7.6 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ kíyè sí i pé oògùn tí ó tọ́ ni a wí. Níbi yìí ni ẹ̀rù ti ń bà wá jù. Bí a bá sáré gbé aláìsàn dé, tí dókítà náà sì sáré fún un lóògùn, ṣùgbọ́n tí kòkòrò náà kò ka oògùn ọ̀hún sí, gbogbo eré tí a sá ti di asán. Yóò gba ọjọ́ méjì sí mẹ́ta kí yàrá àyẹ̀wò tó sọ fún wa pé omi lásán ni à ń fà sí i lára.

Báwo ni kòkòrò ṣe di aláìgbóògùn? Alexander Fleming ni ó rí penicillin ní ọdún 1928. Ní oṣù December ọdún 1945, nígbà tí ó gba ẹ̀bùn Nobel ní Stockholm, ó kìlọ̀ fún aráyé pé ìgbà lè dé tí ẹnikẹ́ni yóò máa ra oògùn yìí ní ìsọ̀, tí ẹni tí kò mọ̀ yóò máa lo èyí tí kò tó. Ó wá fi ọkùnrin kan ṣe àpẹẹrẹ. Ọ̀fun ń dun ọkùnrin náà, ó ra penicillin díẹ̀, ó lò ó. Kòkòrò náà kò kú, ṣùgbọ́n ó kọ́ bí a ti ń kojú oògùn. Ọkùnrin náà kó o ran ìyàwó rẹ̀. Àìsàn náà di ńlá sí ìyàwó lára, penicillin kò ràn án lọ́wọ́, ó sì kú. Fleming bèèrè pé ta ni ó jẹ̀bi ikú obìnrin náà, ó sì dá ara rẹ̀ lóhùn pé ọkọ rẹ̀ ni. Ó lé ní 75 ọdún tí ó ti sọ ọ̀rọ̀ yìí, bí ẹni pé ó ti rin ìgboro Ìbàdàn tàbí Oshogbo rí.

Ohun tí ó mú ọ̀ràn náà le ni pé kòkòrò ń ya ara wọn ní ohun ìjà. Ní ọdún 1940, Abraham àti Chain ní Oxford ti rí i pé kòkòrò kan ní ohun kan lọ́wọ́, bí àlùmọ́gàjí, tí ó fi ń gé penicillin wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Nígbà tí ó fi máa di ìparí ọdún àwọn 1950, àwọn onímọ̀ ní Japan fi hàn pé kòkòrò tí ń fa ìgbẹ́ ọ̀rìn lè gba agbára àìgbóògùn lọ́wọ́ kòkòrò mìíràn tí kì í ṣe irú rẹ̀ rárá, kí ó sì gba ti oògùn mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà. Kì í ṣe ogún bàbá sí ọmọ nìkan. Aládùúgbò ń fún aládùúgbò. Láti ìgbà náà wá, ìgbésẹ̀ kan náà ni à ń tún gbé. Ampicillin dé, wọ́n gé e. Ceftriaxone dé, wọ́n gé òun náà. Meropenem, tí àwọn dókítà ń fi pamọ́ fún ọjọ́ ogun líle, ní ọdún 2009 ni a ròyìn àlùmọ́gàjí kan tí wọ́n sọ ní orúkọ New Delhi, tí ó ń gé òun pàápàá. A ti rí i ní Nàìjíríà náà. Wọ́n wá padà sí colistin, oògùn àtijọ́ tí a ti fẹ́ẹ̀ pa tì nítorí pé ó ń ba kíndìnrín jẹ́. Ní ọdún 2015 ni àwọn ará China kéde pé wọ́n ti rí kòkòrò inú ẹlẹ́dẹ̀ tí ó lè kọ́ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bí a ti ń bọ́ lọ́wọ́ colistin. Àwọn tí ń sin ẹran níbẹ̀ ti ń pò ó mọ́ oúnjẹ ẹran kí ẹran lè tètè sanra. Ìjọba wọn fòfin de àṣà náà ní ọdún 2017.

Ẹ̀yin tí ẹ ń sin adìyẹ ní ilẹ̀ wa, ẹ gbọ́ o. Oògùn tí ọ̀pọ̀ yín ń dà sínú omi adìyẹ tí kò ṣàìsàn, nítorí kí ó má baà ṣàìsàn, nínú ẹbí oògùn tí à ń wá fún alárùn jẹjẹrẹ ni ó ti wá.

Ní oṣù January ọdún 2022, ìwé ìròyìn ìṣègùn The Lancet tẹ ìṣirò kan jáde fún gbogbo ayé. Wọ́n ní kòkòrò tí kò gbóògùn ni ó pa ènìyàn 1,270,000 ní ọdún 2019, àti pé apá ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Áfíríkà, níbi tí a wà yìí, ni ó ti ń pani jù lọ bí a bá fi iye ènìyàn wọ̀n ọ́n: 27.3 nínú ọ̀kẹ́ márùn-ún ènìyàn. Àwọn tí ó rò pé àrùn ilẹ̀ Òyìnbó ni èyí, kí wọ́n tún un rò.

A mọ̀ pé ohun tí àwọn kan yóò sọ ni pé òṣì ni ó fa kápúsù méjì-méjì. Òótọ́ ni. Ìyá tí ń ta ẹ̀kọ, tí ọmọ rẹ̀ ń wúkọ́, kò ní owó dókítà, kò sì ní owó káádì oògùn odindi. Yóò sọ fún olóògùn pé, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní èyí tí owó ọwọ́ mi ká.” Olóògùn náà, tí òun pẹ̀lú ń wá àtijẹ, yóò gé mẹ́rin fún un. Àwa kò dá ìyá náà lẹ́jọ́. Ṣùgbọ́n ikọ́ àti ọ̀fìnkìn bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn kì í ṣe èyí tí irú oògùn bẹ́ẹ̀ ń wò. Owó ẹ̀kọ rẹ̀ sọnù, kòkòrò inú ìfun ọmọ náà sì ti rí ẹ̀kọ́ kọ́. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú tí a kò sọ fún un, hùrùhẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò ní jẹ́ kí á sùn lóru. Láti ìfun ọmọ yìí sí ilé ìgbẹ́, láti ilé ìgbẹ́ sí omi kànga, láti kànga sí ọwọ́ ẹni tí ń tọ́jú aláìsàn, ọ̀nà náà kò jìn. Ẹni tí ń fi kápúsù ṣeré lónìí náà sì lè jẹ́ ẹni tí dókítà yóò pè jókòó ní ọdún mẹ́ta òní láti sọ fún un pé jẹjẹrẹ ni. Òfin kò fi àṣẹ fún olóògùn kékeré láti máa ta oògùn apakòkòrò bí ó ti wù ú. Òfin náà wà. Ẹni tí yóò mú un ṣẹ ni a kò rí. Bí a ó bá sì mú un ṣẹ, kí a má fi lílé olóògùn bẹ̀rẹ̀ ní abúlé tí kò ní dókítà. Kí a kọ́kọ́ gbé nọ́ọ̀sì àti oògùn tí owó rẹ̀ kéré lọ síbẹ̀.

Nísinsin yìí, ẹ jẹ́ kí á wọ inú ilé ìwòsàn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Iruka Okeke, tí ó jẹ́ olùkọ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn, tí ó sì ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wádìí àwọn kòkòrò aláìgbóògùn, kọ ìwé kan ní ọdún 2011 nípa yàrá àyẹ̀wò ní Áfíríkà. Orúkọ tí ó fún ìwé náà, bí a bá sọ ọ́ ní èdè wa, ni dídá Ifá láìsí ikin. Àwa kò rí orúkọ tí ó bá ọ̀ràn yìí mu tó bẹ́ẹ̀. Babaláwo tí kò ní ikin tàbí ọ̀pẹ̀lẹ̀, kí ni yóò wí fún ẹni tí ó wá bèèrè? Dókítà tí kò rí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ṣe, tí ó kàn ń pààrọ̀ oògùn, tí ó ń gòkè láti orí èyí tí ó wọ́n dé orí èyí tí ó wọ́n jù, irú ìdáfá bẹ́ẹ̀ náà ni ó ń ṣe. Bí ó bá bọ́ sí i, ó bọ́ sí i.

Bẹ́ẹ̀ ni àyẹ̀wò náà kì í ṣe awo. Ìgò méjì ni, a ó fa ẹ̀jẹ̀ bí mílílítà 8 sí 10 sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan fún àgbàlagbà, kí oògùn tó wọlé, pẹ̀lú awọ tí a fi oògùn nù mọ́ tónítóní. A ó sì gbé ìgò náà sí ibi tí ó móoru bí ara ènìyàn fún ọjọ́ 5. Ọjọ́ 5 yìí ni wàhálà wa. Iná mànàmáná kò gbọdọ̀ lọ. Ẹni tí ó mọ iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ ní òpin ọ̀sẹ̀ àti ní ọjọ́ ọdún. Ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn wa, ẹbí aláìsàn ni yóò sì san owó rẹ̀ lápò ara wọn, lẹ́yìn tí oògùn jẹjẹrẹ ti gba ilẹ̀ àti mọ́tò lọ́wọ́ wọn. Ọ̀pọ̀ a ní kí dókítà fi àyẹ̀wò sílẹ̀, kí ó kàn kọ oògùn.

Ní ọdún 2019 ni a ṣí ilé ìtọ́jú jẹjẹrẹ tuntun ní Ìdí-Àràbà ní Èkó, pẹ̀lú àwọn ẹ̀rọ ńlá tí ń fi ìtànṣán jó jẹjẹrẹ. A yọ̀, ó sì yẹ kí á yọ̀. Ẹ̀rọ ńlá ṣe é fi han àlejò, gómìnà sì lè gé rìbọ́ọ̀nù níwájú rẹ̀. Ìgò ẹ̀jẹ̀ kò ṣe é gé rìbọ́ọ̀nù fún. Síbẹ̀, ohun tí a ń tọrọ lọ́wọ́ Ìjọba kò ju ìgò náà lọ: kí gbogbo ilé ìwòsàn tí ó ń fún ènìyàn ní oògùn jẹjẹrẹ ní yàrá àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí ń ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ 7 nínú ọ̀sẹ̀, kí alárùn jẹjẹrẹ má san kọ́bọ̀ fún un, kí omi àti ọṣẹ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn kọ̀ọ̀kan kí nọ́ọ̀sì má baà gbé kòkòrò láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan dé ọ̀dọ̀ èkejì. Ètò orí ìwé kò wọ́n wa. Ìjọba àpapọ̀ ti ṣe ti ọdún 2017 sí 2022, ó sì tún ṣe ti 2024 sí 2028. Ní oṣù September ọdún 2024, àwọn olórí orílẹ̀-èdè péjọ ní New York, wọ́n ṣèlérí pé ikú tí kòkòrò aláìgbóògùn ń fà yóò dín ní ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún kí ọdún 2030 tó pé. Ní oṣù November ọdún náà, ní Jeddah, ni a yan Nàìjíríà láti gba àlejò àpérò ayé tí ó kàn lórí ọ̀ràn yìí, ní ọdún 2026. Ẹni tí a fi jẹ bàbá ìsàlẹ̀ àpérò, kí ilé tirẹ̀ má baà jẹ́ èyí tí àlejò yóò fi ṣe àpẹẹrẹ.

Kí ẹnikẹ́ni má sì ka ọ̀rọ̀ wa kí ó sọ pé òun kò gba oògùn jẹjẹrẹ mọ́. Oògùn náà ń gba ènìyàn là, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn tí ibà mú lẹ́yìn rẹ̀ ni ó sì ń yè bí a bá tètè gbé wọn dé, tí oògùn tí ó tọ́ sì wà. Ohun tí ẹbí lè ṣe kò náni ní owó púpọ̀. Ẹ ra òṣùwọ̀n ooru ara kan sí ilé, kí ẹ má fi ẹ̀yìn ọwọ́ wọn ibà. Ẹ má fún aláìsàn ní parasítámọ̀ kí ẹ tó wọ̀n ọ́n. Ẹ bèèrè lọ́wọ́ dókítà, kí ẹ tó kúrò níwájú rẹ̀, ibi tí ẹ ó gbé e lọ bí ibà bá dé ní agogo méjì òru, àti ẹni tí ẹ ó pè. Kí ẹ sì kọ ọ́ sórí pátákó ìwé kékeré kan, kí aláìsàn máa mú un káàkiri: orúkọ oògùn jẹjẹrẹ tí ó gbà, ọjọ́ tí ó gbà á gbẹ̀yìn, àti àwọn oògùn apakòkòrò tí ó ti lò láàrin oṣù mẹ́ta, kí nọ́ọ̀sì tí ó wà ní ẹnu ọ̀nà lóru lè rí i kà kí ó tó bèèrè owó káàdì.